Bí Mo Ṣe Di Olówó Nínú Ìwé

Kí n tó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣètò owó, mo lówó díẹ̀ lọ́wọ́. Mi ò sọ pé olówó ni mí o. Páàtì alùpùpù ni mò ń tà ní ọjà Sankaryaré ní Wagadúgù: ṣéènì, búréèkì, gílóòbù iná, púlọ́ọ̀gì, gbogbo ohun tí àwọn mẹ́káníìkì àdúgbò Tampouy máa ń wá rà láàárọ̀, tí wọ́n á tún dá padà nírọ̀lẹ́ pé kì í ṣe irú èyí làwọn ní kí n fún àwọn. Ṣùgbọ́n a ń jẹun, àwọn ọmọ ń lọ sílé ìwé, mò ń san owó ṣọ́ọ̀bù lásìkò. Ohun tó bá ṣẹ́ kù, ìyàwó mi á gbà á lọ́wọ́ mi, á kó o sínú agolo mílíìkì ńlá kan tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa. Òun náà ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù lórí tábìlì kan níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Bí a ṣe ń gbé ayé wa nìyẹn títí ọ̀làjú fi dé bá mi.

Orí ṣọ́ọ̀bù yẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù ńlá. Bí mo bá na ọwọ́ méjèèjì, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri ọ̀tún àti ti òsì, páànù orí rẹ̀ sì máa ń gbóná débi pé táyà tuntun á máa rùn bí ẹni pé ó ń jóná. Ṣùgbọ́n oríta ló wà, ojú ayé ló wà, ọdún mọ́kànlá ni mo sì ti fi jókòó síbẹ̀. Bàbá Mòsí kan, ọmọ onílùú, ló ni ín. Ní ìparí oṣù, bàbá náà á gun kẹ̀kẹ́ wá gba owó rẹ̀, a ó sì jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀, Mòórè díẹ̀, Faransé díẹ̀, a ó fi ọwọ́ sọ ìyókù.

“Ọmọ Nàìjíríà,” ó ní lọ́jọ́ kan, “ìwọ kò jẹ́ kí n wá lẹ́ẹ̀mejì rí nítorí owó oṣù kan. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sí i, mo máa ta ṣọ́ọ̀bù yìí, kí n pín owó rẹ̀ fáwọn ọmọ mi lójú ayé mi. Ìwọ ni mo máa kọ́kọ́ sọ fún. Tí o bá lówó rẹ̀, d'accord, tìẹ ni. Tí o ò bá ní, mi ò ní bínú sí ẹ.”

“Barka, bàbá,” ni mo fi dúpẹ́, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú gíríìsì.

Ó dárúkọ iye tó máa gbà. Mo ṣírò rẹ̀ lọ́kàn: bí mo bá ń fi èrè mi pamọ́ lóṣooṣù láìṣe àṣejù, owó náà á pé kí ọdún mẹ́ta tó pé. Inú mi dùn débi pé mo fún mẹ́káníìkì kan ní gílóòbù kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ti gbé ìlú onílùú pẹ́ á mọ ohun tí mò ń sọ. Kò sí ohun tó dà bí kí èèyàn ní ògiri kan tí ẹnikẹ́ni kò lè ní kó jáde kúrò nínú rẹ̀.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa kéde pé ọ̀mọ̀wé kan ń bọ̀ láti ilé wá kọ́ wa ní ètò owó. Kíláàsì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan la háyà lọ́jọ́ Sunday. Àwa àgbà ọkùnrin, àwọn alájì tí ikùn wọn ti yọ, la rọ́ jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọdé, tí orúnkún wa ń kan àgbọ̀n wa; àwọn ìyàwó wa jókòó sẹ́yìn. Ọ̀mọ̀wé náà wọ kóòtù, ó so táì mọ́rùn, nínú oṣù Máàṣì ní Wagadúgù, nígbà tí ewúrẹ́ pàápàá ti sá sábẹ́ ọkọ̀. Mo mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ọlọ́gbọ́n ni. Ẹni tí kì í bá ṣe ọlọ́gbọ́n á ti bọ́ kóòtù.

Ó bi wá pé ta ló mọ iye tó ná lóṣù tó kọjá. Ẹnikẹ́ni kò nawọ́. Alàgbà kan níwájú ló dá a lóhùn.

“Ọmọ mi, àwa ń ná an ni, a kì í tún padà lọ kí i.”

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ọ̀mọ̀wé kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìdí tí a fi jẹ́ tálákà nìyẹn. Ó ní kí oníkálukú lọ ra àpòòwé mẹ́rin: ọ̀kan fún oúnjẹ, ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún ìfipamọ́, ìkẹrin fún àìròtẹ́lẹ̀. Ó ní owó tó bá ń sùn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kì í dàgbà. Mo wo ìyàwó mi, ó ń wo àjà. Lẹ́yìn náà ni ọ̀mọ̀wé gbé ìwé jáde fún títà, ìwé dáadáa tí ẹ̀yìn rẹ̀ le, tí wọ́n ti fa ìlà sí gbogbo ojú ewé rẹ̀. Àmì náírà ló wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Mo nawọ́.

“Ọ̀gá, séfà la ń ná níbí. Ṣé a lè fi séfà kọ ọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Bàbá, níbo lẹ máa sinmi sí lọ́jọ́ alẹ́ yín?”

“Ilé ni.”

“Níbi tí ẹ máa sinmi sí ni kí ẹ ti máa ka owó yín.”

Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ilé làbọ̀ ìsinmi oko. Ta ló fẹ́ bá òwe jà? Kò wá sí mi lọ́kàn pé ṣọ́ọ̀bù tí mo fẹ́ rà kò sí nílé. Sankaryaré ló wà, séfà ni bàbá Mòsí sì fẹ́ gbà.

Nígbà tí a délé, mo ní kí a tú agolo mílíìkì náà. Ìyàwó mi lọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, gẹ́lẹ́ lókè ibi tí agolo wà.

“Ìyá wọn, o gbọ́ ohun tí ọ̀mọ̀wé sọ. Owó tó bá ń sùn kì í dàgbà.”

“Mo gbọ́. Kì í dàgbà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá pè é, á dáhùn.”

“Ìwà ará oko nìyẹn.”

“Ẹ ti jẹ nínú oko yẹn o, Bàbá wọn. Ó dáa. Ẹ mú tiyín, ẹ jẹ́ kí n di tèmi mú.”

Bí a ṣe pín in nìyẹn. Èmi kó èrè páàtì, òun di agolo rẹ̀ mú pẹ̀lú èrè òwú àti bọ́tìnnì. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Mo tilẹ̀ ṣèlérí lọ́kàn mi pé lọ́jọ́ tí mo bá ra ṣọ́ọ̀bù, mi ò ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti di akọ̀wé ara mi. Ohunkóhun tí mo bá ná, náírà ni mo fi ń kọ ọ́ sínú ìwé ọ̀mọ̀wé. Ẹ má rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Àwọn Mòsí kì í ka owó bí àwa ṣe ń kà á. Márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń kà á. Bí ìyá tó ń ta tòmáàtì bá ní ogún, ọgọ́rùn-ún séfà ló ń wí. Nítorí náà, mo ní láti kọ́kọ́ sọ ogún rẹ̀ di ọgọ́rùn-ún, kí n tún sọ ọgọ́rùn-ún náà di náírà ní iye tí wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí n tó mọ̀ bóyá tòmáàtì wọ́n. Nígbà tí mo bá fi ṣírò tán, ẹlòmíràn á ti ra tòmáàtì náà lọ.

Àpòòwé kẹrin ló kọ́kọ́ yọ mí lẹ́nu. Lóṣù kìn-ín-ní, ará ìlú wa kan bímọ, a dá owó. Òmíràn lọ sin ìyá rẹ̀ nílé, a dá owó. Ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ pé òrùlé ń jò. Àbúrò ìyàwó mi fẹ́ gbéyàwó kejì, ẹni tí kò tíì san owó àga tó yá nígbà ti àkọ́kọ́. Oṣù kejì, bákan náà. Nígbà tó di oṣù kẹfà, mo wá rí i pé láàárín wa, ohun kan ṣoṣo tí èèyàn kò lè rò tẹ́lẹ̀ ni oṣù tí nǹkan kan kò bá ṣẹlẹ̀, irú oṣù bẹ́ẹ̀ kò sì tíì dé. Mo wá ń yọ owó oúnjẹ fi kún àìròtẹ́lẹ̀, ìyàwó mi sì ń fi owó bọ́tìnnì se ọbẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ìnáwó oúnjẹ ti lọ sílẹ̀ nílé wa. Mo fàlà pupa sí i nídìí.

Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìfipamọ́. Lóṣooṣù ni mò ń gbé èrè mi lọ bá ọmọ ìlú wa kan tó ń bá èèyàn pààrọ̀ owó lẹ́yìn ọjà. Àga ike kan àti fóònù méjì ni gbogbo bureau rẹ̀. Èmi á fún un ní séfà, òun á tẹ fóònù, náírà á sì wọ àkáǹtì tí mo ní nílé. Ibẹ̀ ni ìyanu ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kejì, iye séfà kan náà ni mo gbé fún un, náírà tó wọlé sì pọ̀ ju ti oṣù àkọ́kọ́ lọ. Oṣù kẹta, ó tún lé sí i. Nígbà tó yá, ó fò sókè bí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́. Mi ò tà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mi ò fi èrè lé e, síbẹ̀ owó ń pọ̀. Mo ra bísáàpù tútù kan, tí wọ́n ń pè ní sobo nílé, fún ara mi lọ́jọ́ náà, mo ra ọ̀kan fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, ó gbé bísáàpù sílẹ̀, “ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan. Ohun tó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn. Náírà yìí...”

“Ṣé o ò fẹ́ kí n lówó ni?”

“Mo fẹ́, ẹ̀gbọ́n.”

“Tẹ fóònù rẹ nígbà náà.”

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó yọ tirẹ̀ lórí rẹ̀. Mi ò lè dá a lẹ́bi.

Kò pẹ́ tí mo fi di mílíọ̀níà. Mo ṣí ìwé mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn lé gbogbo oníbàárà wọlé, mo ka àwọn òdo náà, mo tún wọn kà. Èmi tí mò ń ta gílóòbù! Ìrìn mi yí padà. Ní ìpàdé ẹgbẹ́, mo dìde dúró, mo sọ fún wọn pé àìlétò ló ń pa ọmọ Yorùbá. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi ju bí wọ́n ṣe pàtẹ́wọ́ fún ọ̀mọ̀wé lọ. Alàgbà tó ní a kì í padà lọ kí owó wá bá mi níkọ̀kọ̀ pé kí n fọ̀nà han òun, mo sì fi ọwọ́ ara mi mú un lọ sídìí àga ike.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìyàwó mi bi mí léèrè. Ó ń to òwú sórí tábìlì, àwọ̀ kan tẹ̀ lé àwọ̀ kan.

“Bàbá wọn, náírà tí ẹ ti kó jọ láti èṣí, tí ẹ bá ní kí wọ́n sọ ọ́ di séfà padà lónìí, ṣé séfà tí ẹ gbé kalẹ̀ lèṣí ló máa jẹ́?”

“Ta ló ń sọ nípa àtidá padà?” mo fi ìbínú dá a lóhùn. “Iwájú là ń lọ.”

Ó padà sídìí òwú rẹ̀. Mo yẹ ìwé mi wò nígbà tó yíjú, bóyá ọ̀mọ̀wé fi àyè sílẹ̀ fún àtidá padà. Kò fi àyè kankan sílẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀.

Nígbà tí ọdún mẹ́ta pé, Bàbá Mòsí kò yẹ àdéhùn. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé bí ó ti ń ṣe, ó gbé e ti ògiri, ó wọlé.

“Ọmọ Nàìjíríà, àsìkò ti tó. Iye tí mo sọ fún ẹ nígbà yẹn náà ni, mi ò fi nǹkan kan lé e. Mo fún ẹ ní oṣù kan.”

“Bàbá, ọ̀sẹ̀ kan ti tó,” mo ní. Ẹ wo ẹnu mi.

Ọjọ́ kejì ni mo lọ sídìí àga ike. Mo gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, mo ní kó sọ gbogbo rẹ̀ di séfà padà fún mi. Ó tẹ fóònù, ó sì yí ojú fóònù náà sí mi.

“O gbàgbé òdo kan,” mo ní.

Ó tún un tẹ̀. Iye kan náà ló gbé jáde.

“Mo ní o gbàgbé òdo kan!”

Ó gbé fóònù náà fún mi pé kí n fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀rọ̀ kan náà ni fóònù ń sọ.

“Ẹ̀gbọ́n,” ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, “ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín lọ́jọ́ bísáàpù nìyẹn.”

Gbogbo ìgbà tí mò ń jó pé owó mi ń pọ̀, náírà ló ń kéré. Bí náírà tuntun tí mò ń rà ṣe ń pọ̀ ni èyí tí mo ti rà sílẹ̀ ń dòfo. Ohun tí mo fi ọdún mẹ́ta kó jọ tó ra ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà, bóyá pẹ̀lú àgádágodo rẹ̀. Ká ní òkúta ni mò ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń fọ́ ọ ní Pissy, tí mò ń tò ó jọ sẹ́yìn ilé, ǹ bá rí i tà ní iye tí mo rà á. Ojú tì mí. Ìtìjú yẹn kì í ṣe ti ẹni tí wọ́n jà lólè, nítorí ẹni tí wọ́n jà lólè á pariwo. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi gbé owó mi jáde lóṣooṣù, mo tún ra bísáàpù fún ẹni tó bá mi gbé e. Mo ní kó fi náírà náà sílẹ̀ síbi tó wà.

Ọ̀sán gangan ni mo sọ fún ìyàwó mi, níwájú tábìlì rẹ̀, nítorí mi ò lè gbé e délé. Ó ń ka bọ́tìnnì fún oníbàárà kan. Ó kà á tán, ó gba owó rẹ̀, kó tó wò mí.

“Bàbá wọn, ẹ jókòó,” ó ní. “Oòrùn ti pọ̀.”

Ó dùn mí ju èébú lọ. Ká ní ó bú mi, ǹ bá rí nǹkan sọ.

Bàbá Mòsí dúró títí oṣù kan fi pé, nítorí pé ó ti ṣèlérí, lẹ́yìn náà ó ta ṣọ́ọ̀bù fún oníṣòwò fóònù kan. Ó fúnra rẹ̀ wá sọ fún mi, ó di ọwọ́ mi mú, kò bínú sí mi gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ. Onílé tuntun kò ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀. Ó ní a lè dúró, pas de problème, kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n àsansílẹ̀ oṣù mẹ́fà ni òun ń gbà, owó oṣù á sì lé díẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan ni òun fún wa. Mo ṣí àwọn àpòòwé mi. Ti oúnjẹ ti wọ inú àìròtẹ́lẹ̀, àìròtẹ́lẹ̀ ti wọ ilé àwọn èèyàn, ti ilé kò tó oṣù méjì.

Ìyàwó mi wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Agolo kan ni mo mọ̀. Méjì ló gbé jáde. Ó da owó náà sórí bẹ́ẹ̀dì, a jọ kà á, séfà gidi, tó ti rọ̀ tí ó sì ti ń rùn bí mílíìkì. Àsansílẹ̀ oṣù mẹ́fà pé, ó sì ṣẹ́ kù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa dúpẹ́.

“Ọ̀rọ̀ kan ló wà ńbẹ̀,” ó ní. Ó ń dá èyí tó ṣẹ́ kù padà sínú agolo. “Ẹ máa gbọ́ ọ tí a bá dé ọ̀dọ̀ onílé.”

Nígbà tí a débẹ̀, onílé tuntun gbé ìwé àdéhùn síwájú, ó ṣí bíírò, ó béèrè orúkọ ẹni tí òun máa kọ.

“Tèmi ni,” ìyàwó mi wí.

Ọkùnrin náà fi ìdí bíírò tọ́ka sí mi pé èmi ńkọ́. “Et lui?”

“Lui, c'est mon vendeur.”

Faransé mi kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó ti ọjọ́ náà. Ó ní ẹni tó ń bá òun tajà ni mí.

Mo rò pé àwọn ará ẹgbẹ́ máa bú mi, pàápàá alàgbà tí mo mú lọ sídìí àga ike. Ẹnikẹ́ni kò bú mi. Gbogbo wa ṣì jẹ́ mílíọ̀níà. A jókòó, a ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n wa, ẹnikẹ́ni kò bi ẹnìkejì rẹ̀ léèrè. Wọ́n tilẹ̀ ní kí n máa kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé láti ilé ní ètò owó, nítorí pé ìwé mi ló mọ́ jù nínú ti gbogbo wa. Mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí.

Ìyàwó mi ló ni ìwé náà báyìí. Ó ní ìwé dáadáa ni, kò yẹ ká sọ ọ́ nù. Ó fi bíírò pa àmì náírà rẹ́ lójú ewé kọ̀ọ̀kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó fi ọ̀sán méjì ṣe é. Ní ìparí oṣù, mo máa ń kó èrè páàtì fún un, á kà á, á yọ owó ṣọ́ọ̀bù, á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kì í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kìkì pé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí kò bá sí oníbàárà, á gbé ojú sókè nídìí òwú rẹ̀.

“Bàbá wọn,” á ní, “eélòó ni náírà lónìí?”

Mo máa ń dá a lóhùn pé mi ò mọ̀. Irọ́ ni. Àràárọ̀ ni mò ń gba ìdí àga ike kọjá kí n tó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.